Orúkọ Mẹ́rin Nínú Kásẹ́ẹ̀tì Corinne

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní ọdún, Orrin Tackett wọ yàrá ọmọ rẹ̀, ó jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú tẹlifíṣọ̀n bó ṣe máa ń ṣe, ó sì tan ẹ̀rọ géèmù. Orin kékeré tó máa ń kọ́kọ́ jáde dún. Àwòrán òkè tí yìnyín bò lórí tẹ̀lé e. Ó tẹ bọ́tìnnì láti wọlé. Ààyè mẹ́ta tí géèmù náà ń fi nǹkan pamọ́ sí yọ síta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ṣófo.

Kò kọ́kọ́ yé e. Ó rò pé ojú òun ni. Lẹ́yìn náà ló yé e. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó fa kásẹ́ẹ̀tì tí géèmù wà nínú rẹ̀ yọ, ó fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí ìdí rẹ̀ bí gbogbo ẹni tó fi géèmù dàgbà ní Amẹ́ríkà ṣe máa ń ṣe, ó sì tì í padà. Ó ṣófo. Ó tún fẹ́ ẹ. Ó tún ṣófo. Nígbà tó yá, ààyè àárín tan, orúkọ kan sì wà níbẹ̀ ní lẹ́tà Japan: Korin, orúkọ ọmọ rẹ̀.

Orrin gbé ọwọ́ lé orúnkún. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì dúpẹ́. Ó mọ ohun tí òun rí. Bátìrì kan tó rí roboto bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù ló wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà, òun ló ń rántí ibi tí èèyàn bá eré dé. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n ti fi síbẹ̀. Ó ti ń kú lọ. Tó bá kú tán, kásẹ́ẹ̀tì yóò gbàgbé gbogbo nǹkan, kò sì sí ẹni tó lè rán an létí.

Corinne, ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti Lorna ìyàwó rẹ̀ bí, ti kú ní ọdún tó kọjá. Yìnyín ló gbá mọ́tò rẹ̀ kúrò lójú títì nígbà tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀.

Ogún ọdún ni Orrin fi ṣe iṣẹ́ ológun ojú omi, ó sì lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní Yokosuka, ìlú etíkun kan ní Japan. Nígbà tó fẹ̀yìn tì tó padà sí Toledo ní Amẹ́ríkà láti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ gíláàsì, ó gbé ẹ̀rọ géèmù àwọn ará Japan kan wálé pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì díẹ̀. Ọmọdé ni Corinne nígbà náà. Kò mọ lẹ́tà kan nínú èdè náà, ṣùgbọ́n ó fẹ́ mọ ohun tí ọba inú géèmù ń sọ, ó sì fi ìbéèrè da bàbá rẹ̀ láàmú títí tí ìyẹn fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní ìwọ̀nba tó mọ̀. Kò pẹ́ tí ọmọ fi kọjá bàbá. Ó ra ìwé atúmọ̀ èdè, ó ń ka ìwé aláwòrán tó ń ti Tokyo wá, ó ń wo àwòrẹ́rìn-ín Japan tí kò sí ìtumọ̀ kankan lábẹ́ rẹ̀, bí bàbá rẹ̀ bá sì la ẹnu sọ èdè náà pẹ́nrẹ́n, á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Dádì, èdè tí ẹ gbọ́ lẹ́nu àwọn obìnrin tó ń ta ọtí létí òkun lẹ ń sọ yìí. Tí ẹ bá sọ ọ́ níwájú ọ̀gá iléeṣẹ́ kan, á rò pé ẹ fẹ́ bá òun jó ni."

Géèmù inú kásẹ́ẹ̀tì yìí ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ara wọn. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni wọ́n ń ṣe é, wọn kò sì kánjú. Orrin ló ń di ohun tí wọ́n fi ń darí eré mú. Corinne ló ń kà. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí aráàlú inú géèmù bá sọ, yálà ìyá arúgbó ni tàbí aláta, ó gbọ́dọ̀ kà á sókè, kó tún fi ohùn arúgbó kà á tó bá jẹ́ arúgbó ni. Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé ìlú tó gbẹ̀yìn, wọ́n sùn sí ilé ìtura ibẹ̀. Ó ku ààfin ọba òkùnkùn kí eré parí. Corinne ní kí àwọn fi í di ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Kí ọjọ́ náà tó pé, ó ti kú.

Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ni Orrin ń tan ẹ̀rọ. Kò ní gbé ẹsẹ̀ kan. Á kàn wo èèyàn kéékèèké mẹ́rin tó dúró sínú ilé ìtura náà, lẹ́yìn náà á fi ìka kan di bọ́tìnnì pupa tó ń dá eré padà mú, á fi ọwọ́ kejì pa iná ẹ̀rọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tó bá pa iná láìdi bọ́tìnnì pupa mú, iná tó ń lọ lè nu ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì. Corinne ti tẹnu mọ́ ọn títí ó fi di ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe fúnra rẹ̀.

Èèyàn mẹ́rin. Corinne ló sọ wọ́n lórúkọ. Òun fúnra rẹ̀ ni akọni. Orrin ni jagunjagun. Ológbò wọn, Mochi, ni olè. Ẹni kẹrin, tó wọ aṣọ funfun, tó ń wo àwọn yòókù sàn, Lorna ni.

Lorna kò mọ̀. Kì í wọ yàrá náà. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé láti ilé ìdáná ilé ìwé, á dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, á wo ọkọ rẹ̀ tó jókòó sílẹ̀ bí ọmọdé, á sì kọjá. Ó ti ní kí àwọn kó yàrá náà lẹ́ẹ̀kan. Orrin kò gbà. Lọ́jọ́ náà ló sọ ọ̀rọ̀ tí kò kúrò létí ọkọ rẹ̀ mọ́.

"Èmi ni mo lóyún rẹ̀. Èmi ni mo bí i. Ṣùgbọ́n nínú yàrá yìí, àlejò lẹ̀yin méjèèjì fi mí ṣe."

Ó yẹ kí Orrin sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ wà nínú eré náà. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n yàrá náà àti ilé ìtura tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà ni ohun tó kù tí kò bá ẹnikẹ́ni pín, ó sì pa ẹnu mọ́.

Ní Sátidé, ó gbé kásẹ́ẹ̀tì náà lọ sí ilé ìkàwé. Nínú yàrá kan lẹ́yìn ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn èdè àti eré Japan ti ń pàdé. Corinne wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Orrin kò tíì débẹ̀ láti ìgbà ìsìnkú. Nígbà tó wọlé, ẹnì kan sún àga fún un, ẹlòmíràn bu tíì gbígbóná síwájú rẹ̀. Ó gbé kásẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì, ó sì ṣàlàyé.

Dwight Lemke, ọkùnrin gbọ̀ǹgbọ̀ràn kan tó ń pín lẹ́tà kiri, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, tẹjú mọ́ ọn.

"Ṣé ẹ fẹnu fẹ́ ẹ?"

Orrin ní òun fẹ́ ẹ.

"Itọ́ lẹ fi wẹ̀ ẹ́ yẹn, ọ̀gá ológun. Ìpẹtà ló ń fà."

"Dwight, pa ẹnu dé," ni Gwenda Pohl wí. "Ìwọ fúnra rẹ ṣì fẹ́ tìrẹ lánàá, mo wà níbẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, Orrin kò sì bínú. Dwight ní ọkùnrin kan wà ní Chicago tó ní ẹ̀rọ tó lè da ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì kọ sínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́ láti oṣù tó kọjá, ọkùnrin náà kò sì mọ ìgbà tí yóò rí i tún ṣe. Ó wá ní ìmọ̀ràn tòun ni pé kí Orrin kúkú parí eré náà kí bátìrì tó kú. Kó wọ ààfin, kó pa ọba òkùnkùn, kó tán síbẹ̀.

"Ta ni yóò kà á?" ni Orrin bi í.

Dwight wo inú ife tíì rẹ̀.

Gbogbo wọn mọ̀ pé ọ̀nà kan ṣì wà, wọ́n sì mọ̀ pé Gwenda ló ń ṣe é. Tábìlì ilé ìdáná rẹ̀ ló ti ń pààrọ̀ bátìrì kásẹ́ẹ̀tì fún àwọn èèyàn. Bí èèyàn bá yọ bátìrì lásán, ohun gbogbo ti lọ. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá tú èèpo kásẹ́ẹ̀tì, tó ti ìhòòhò rẹ̀ bọ inú ẹ̀rọ, tó sì tan ẹ̀rọ, iná ẹ̀rọ náà ni yóò máa gbé ìrántí rẹ̀ ró títí wọ́n á fi yọ ti àtijọ́, tí wọ́n á sì fi tuntun jó mọ́ ọn. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ó parí.

Gwenda kò fẹ́. Òun àti Corinne jọ kọ́ èdè náà láti ilé ìwé ni. Ó ní òun ti pààrọ̀ ti àìmọye èèyàn, àwọn kan là, àwọn kan kò là, òun sì ń rí oorun sùn. Ó ní òun kò lè ṣe ti Corinne. Ó dìde, ó wọ kóòtù, ó jáde.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, kásẹ́ẹ̀tì tún ṣófo, ó sì pẹ́ kó tó padà. Orrin ń fi òwú àti sípíríìtì nu irin rẹ̀ báyìí, ó ń tì í bọ ẹ̀rọ, ó ń fà á yọ, òógùn bo imú rẹ̀ nínú ilé tó tutù. Ó ń bá a sọ̀rọ̀. Kò mọ̀ pé òun ń sọ̀rọ̀ títí tó fi gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń sọ pé jọ̀ọ́. Nígbà tí orúkọ náà padà yọ, ó di bẹ́ẹ̀dì mú, ó dìde.

Ó wa mọ́tò lọ sílé Gwenda lọ́jọ́ kejì. Kò tíì bẹ ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀, kò bẹ ọ̀gá níbi iṣẹ́, kò bẹ dókítà. Ó dúró sórí yìnyín níwájú ilé Gwenda, kò gbà láti wọlé.

"Tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ó bàjẹ́ nìyẹn. Mi ò ní bi ọ́ léèrè. Ṣùgbọ́n tí mo bá jókòó tì í títí tó fi kú fúnra rẹ̀, Gwenda, mi ò mọ ohun tí mo máa ṣe. Mo ń sọ òótọ́ fún ọ. Mi ò mọ̀ ọ́n."

Gwenda wò ó pẹ́.

"Màmá Corinne ńkọ́? Ṣé wọ́n mọ̀ sí i?"

"Kò kàn án."

"Ó kàn wọ́n, sà. Tí ẹ bá fẹ́ kí n ṣe é, ẹ̀yin méjèèjì ló máa wà níbẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbọ́ lẹ́yìn náà pé èmi ni mo pa á rẹ́."

Orrin bá ìyàwó rẹ̀ nílé ìdáná, ó ń bó ànàmọ́. Ó sọ fún un pé kásẹ́ẹ̀tì Corinne ń kú lọ. Ó ṣàlàyé bátìrì, ó ṣàlàyé ohun tí Gwenda fẹ́ ṣe. Lorna kò yíjú padà. Ó ń bó ànàmọ́ náà títí ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ fi tán.

"Lọ́jọ́ tí a sin ín, o kò sunkún," ló wí. "O dúró bí òpó iná. Gbogbo ará ilé mi ń wò ọ́. Ó wá di ọ̀rọ̀ kásẹ́ẹ̀tì, ohùn rẹ ń gbọ̀n."

"Mo mọ̀."

"Kí lo fẹ́ kí n wá ṣe níbẹ̀? Kí n wá dúró sẹ́nu ọ̀nà?"

"Wá ni," ni Orrin wí.

Lorna fọ ọwọ́, ó nù ún. Ó ní òun á wá, ṣùgbọ́n òun kò ṣèlérí pé òun á jókòó.

Ọjọ́ Àìkú ni, lẹ́yìn ìsìn. Gwenda ti palẹ̀ tábìlì ilé ìdáná rẹ̀ mọ́, ó gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré kan síbẹ̀, irin gbígbóná tí wọ́n fi ń yọ́ òjé sì dúró nínú ìdúró rẹ̀. Ó tú èèpo kásẹ́ẹ̀tì, ó ti pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ewé tó wà nínú rẹ̀ bọ ẹ̀rọ. Ó tàn án. Ó ṣófo. Orrin yíjú sí ògiri. Gwenda fà á yọ, ó tún tì í bọ ẹ̀rọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ jòjòló. Orúkọ náà yọ. Ó wọlé kíákíá kó tó tún lọ, èèyàn mẹ́rin sì dúró nínú ilé ìtura wọn.

Pátákó náà kò dúró dáadáa. Ó ń mì. Gwenda ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi ìka di etí rẹ̀ méjèèjì mú, kó má mì rárá, kó má sì jẹ́ kó fà sókè, títí òun á fi parí. Ó wo ọwọ́ Orrin. Orrin náà wò ó. Ó ń gbọ̀n, ó sì ti ń gbọ̀n láti àárọ̀.

"Sún kúrò," ni Lorna wí lẹ́nu ọ̀nà. Ó bọ́ kóòtù, ó fi kọ́ ẹ̀yìn àga, ó jókòó. Obìnrin tó ti fi ogún ọdún kọ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ sórí àkàrà òyìnbó ọjọ́ ìbí nílé ìdáná ilé ìwé ni. Ó fi ìka mẹ́rin di pátákó náà mú, kò sì mì mọ́.

Tẹlifíṣọ̀n wà níwájú rẹ̀ gan-an. Kò ríbi mìíràn wò.

"Ta ni àwọn wọ̀nyí?"

Orrin na ìka sí tẹlifíṣọ̀n. "Corinne lèyí tó wà níwájú. Èmi nìyí. Mochi nìyí."

"Ẹni tó wọ aṣọ funfun ńkọ́?"

Gwenda ti gbé irin gbígbóná. Ó dá ọwọ́ dúró.

"Ìwọ ni," ni Orrin wí.

Lorna tẹjú mọ́ aṣọ funfun náà.

"Orúkọ rẹ ló wà níbẹ̀ yẹn. Corinne ló kọ ọ́."

"Kí ni mò ń ṣe níbẹ̀?"

"Ìwọ lò ń wò wá sàn. Tí wọ́n bá ti lù wá, ìwọ lò ń gbé wa dìde. Corinne kì í jẹ́ kí a wọ ìjà kankan láìsí ọ níbẹ̀. Ó máa ń ní kí n ṣọ́ Mọ́mì, pé tí Mọ́mì bá ṣubú, gbogbo wa ti kú nìyẹn."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀."

"O sì ń wò mí lójú lójoojúmọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Omijé ń bọ́ lójú Lorna, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀ wọ ẹnu. Kò lè nù ún. Ìka rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbi tí wọ́n wà.

"Ṣé kí n dúró ni, Màmá?" ni Gwenda rọra bi í.

"Ṣe é," ni Lorna wí. "Mi ò gbọ̀n."

Gwenda tẹ̀ síwájú. Òórùn òjé tó ń yọ́ gba inú ilé ìdáná. Ó fi irin mú etí kan bátìrì àtijọ́ gbóná, ó gbé e, ó mú èkejì gbóná. Bátìrì náà bọ́ sínú àwo. Orrin kò wo tábìlì, tẹlifíṣọ̀n ló ń wò. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gbé ẹsẹ̀ sókè sódò lójú kan náà, bí wọ́n ti máa ń ṣe bí èèyàn kò bá darí wọn. Kò sí èyí tó pòórá. Gwenda fi tuntun sípò, ó kán òjé sí i ní ọ̀tún, ó kán an sí i ní òsì. Ó fẹ́ èéfín kúrò, ó sì gbé irin padà sí ìdúró rẹ̀.

"Ó ti mú," ló wí. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Mo rò pé ó ti mú o."

Ìgbà náà ni Lorna jọ̀wọ́ pátákó náà. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ohùn kan sì jáde lẹ́nu rẹ̀ tí Orrin kò gbọ́ rí, kò gbọ́ ọ nílé ìwòsàn, kò gbọ́ ọ lójú sàréè. Ó na ọwọ́ òsì láti gbá èjìká ìyàwó rẹ̀ mú. Ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó sì pa iná ẹ̀rọ.

Gwenda ti la ẹnu. Kò rí ọ̀rọ̀ náà sọ tán.

Orrin wo ọwọ́ ara rẹ̀. Bọ́tìnnì pupa wà níbẹ̀, kò sí ìka kankan lórí rẹ̀.

Ó tan ẹ̀rọ. Orin kékeré náà dún. Òkè oníyìnyín yọ. Ààyè mẹ́ta ṣófo.

Gwenda fà á yọ, ó nù ún, ó tì í padà. Ó yẹ bátìrì wò, ó yẹ òjé wò. Ó tún un ṣe títí Lorna fi gbé ọwọ́ lé e lápá pé ó tó. Gwenda bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní òjé òun ni, ó ní ó ní láti jẹ́ pé ó gbóná jù, pé òun ló bà á jẹ́.

"Rárá," ni Orrin wí. "Mi ò di bọ́tìnnì mú."

Ó dúró láàárín ilé ìdáná náà bí ẹni tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀, títí Lorna fi bá a wọ kóòtù rẹ̀, tó sì dè é ní bọ́tìnnì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọn kò gbé kásẹ́ẹ̀tì. Gwenda sáré mú un tẹ̀ lé wọn, Lorna ló gbà á.

Nínú mọ́tò, Orrin ti kọ́kọ́rọ́ bọ ihò rẹ̀, kò yí i. Yìnyín ń bọ́ lóde. Èémí wọn ti bo gíláàsì, wọn kò rí ilé Gwenda mọ́, wọn kò rí títì. Ó ń gbọ́ tí ọkàn òun ń lù. Ó rò pé bí òun bá yí kọ́kọ́rọ́ yìí, àwọn á délé, yàrá náà á sì wà níbẹ̀.

"Báwo ló ṣe kọ ọ́?" ni Lorna bi í.

"Kí ni?"

"Orúkọ mi. Báwo ló ṣe kọ ọ́?"

Orrin gbé ìka, ó kọ lẹ́tà Japan mẹ́ta sójú gíláàsì tó wà níwájú obìnrin náà. Lorna wò ó. Ó gbé ìka tirẹ̀, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wọ́, àmì kan tóbi ju èkejì lọ. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sílẹ̀ láti ara wọn.

"Tún un kọ."

Ó tún un kọ, nísàlẹ̀ díẹ̀. Lorna tún un kọ. Èyí sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Kọ ti Corinne náà," ni Lorna wí.

Orrin gbé ìka lé gíláàsì. Ó tutù. Ìka náà dúró síbẹ̀, kò lọ sọ́tùn-ún, kò lọ sósì, omi sì ń gba abẹ́ rẹ̀ ṣàn wálẹ̀. Lorna kò wò ó lójú. Ó jókòó, kásẹ́ẹ̀tì wà lórí itan rẹ̀, ó ń dúró dè é.